Ìbò Kan Ṣoṣo fún Oníkọ́kọ́rọ́

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yìí, àwòrán olórí ẹgbẹ́ òṣèlú oníkọ́kọ́rọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí, ó fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Káfíńtà ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Nítorí Baba rẹ̀ ló ṣe gbé e kọ́. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tórí rẹ̀ ti ń pá, ń bẹ̀rù baba bí ọmọ iléèwé! Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará agbègbè oko yìí á ní àwọn kì í yí ẹgbẹ́ padà. Irọ́ gbuu ni. Láyé bàbá-bàbá káfíńtà, ẹgbẹ́ onífìtílà ni wọ́n ń dìbò fún. Ìgbà tí oníkọ́kọ́rọ́ kọ́ ilé ìlagi fún wọn ni wọ́n sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀ gìrìgìrì. Baba ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun, ó sì máa ń sọ pé ọmọ tó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó lọ wá baba míì. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló wá ti ilé ìlagi pa. Láti ìgbà náà, ẹnu ò yí padà, àtàǹpàkò ló yí. Lọ́jọ́ ìdìbò, káfíńtà á yọ́ tẹ fìtílà, á délé, á máa kígbe kọ́kọ́rọ́. Ó rò pé òun nìkan ni ọ̀dàlẹ̀ tó wà nílùú.

Lọ́dún yìí, ọwọ́ Baba ti ń gbọ̀n. Nínú kíláàsì tí wọ́n ti ń dìbò, òṣìṣẹ́ ìdìbò ní kí káfíńtà tẹ̀ lé e lọ síbi aṣọ ìkélé, kó bá a di ọwọ́ mú. Káfíńtà pinnu pé kọ́kọ́rọ́ lòun máa bá Baba tẹ̀, ohun tí bàbá ẹni bá fẹ́ là ń ṣe fún un.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Baba fà á mọ́ra.

“Fìtílà ni kí o bá mi tẹ̀.”

“Baba, fìtílà kẹ̀?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé ìlagi. Ojú rẹ ló ń tì mí láti sọ ọ́, pẹ̀lú àwòrán tí o gbé kọ́ yẹn.”

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí káfíńtà sọ ò ju “èmi náà, Baba” lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti mọ irọ́ pa, irọ́ náà ló pa.

“Èmi ò tíì kúrò nínú kọ́kọ́rọ́ o.”

Omi lé ròrò sójú Baba. “O ṣe ọkùnrin jù mí lọ.”

Ọmọ bá a tẹ fìtílà, ó wá kan ìwé ìdìbò ti ọmọ fúnra rẹ̀. Káfíńtà dúró tì í. Kò lè fi irọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa fún baba rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá sọ ọ́ di òótọ́: ó tẹ kọ́kọ́rọ́. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin!

Nígbà tí wọ́n ń ka ìbò síta, fìtílà, fìtílà, fìtílà ṣáá ni. Àwọn tó ti ń pariwo kọ́kọ́rọ́ láti àárọ̀ ń wo ara wọn lójú. Ó wá ku ìwé kan. Kọ́kọ́rọ́. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń wá òmùgọ̀ tó ṣẹ́kù. Káfíńtà rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ.

Baba fi ọ̀pá dìde, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká.

“Ọmọ mi ló ni ín,” ó wí fún gbogbo wọn. “Òun nìkan ni kò dalẹ̀ nínú gbogbo wa.”

Ẹ̀rín dá. Àwọn àgbààgbà sorí kọ́, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, káfíńtà sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ni ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.