Iná Bàdírátù

Àwọn tó mọ Ugbónla láyé òyìnbó á sọ fún yín pé imú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Ọkọ̀ á ṣì wà lójú omi, èéfín ẹja á ti wá pàdé èèyàn. Lọ́dún 1953, tí Sùlèímánì ọmọ Àbùbákàr padà wálé lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń tún ẹ̀rọ yìnyín ṣe l'Ékòó, èéfín yẹn ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní èéfín ló kó sí òun lójú. Irọ́ ni.

Iṣẹ́ ló gbé e wá. Ẹgbẹ́ apẹja ní ilé yìnyín kan, ilé pákó tí wọ́n kọ́ sórí òpó lójú omi bíi gbogbo ilé tó kù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹja tútù sí de ọkọ̀ Èkó. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kò mú nǹkan tutù mọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, yìnyín ń yọ́, ẹja gbogbo ìlú sì fẹ́ jẹrà.

Ilé bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà. Àbùbákàr wà lókun. Ààrò tí Bàdírátù ìyá rẹ̀ máa ń dáná sí tutù bí omi àmù. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ìyá náà ti kú, Sùlèímánì kò sì lè débẹ̀ bá ìsìnkú. Ó lóṣòó síwájú ààrò náà, ó ń rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fẹ́ná láàárọ̀, tí á máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jí ọmọ: "Jí o, ọ̀lẹ, ilẹ̀ ti mọ́."

"Iná iye ti kú nìyẹn," ló sọ. Iye làwọn Ìlàjẹ ń pe ìyá.

Láídì, àbúrò bàbá rẹ̀, tó gbé pupurú àtọbẹ̀ wá fún un, bú sẹ́rìn-ín. "Iná Bàdírátù wo ló kú? Àtìgbà tó ti gbé e wá láti Ètíkàn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kò kú rí. Bàbá rẹ kò lè fi í sílẹ̀ nínú ilé òfìfo, ló bá ń gbé e lọ sókun nínú ìkòkò, ó ń gbé e bọ̀. Gbogbo àwa obìnrin etí omi yìí, ibẹ̀ la ti fọn tiwa. Jẹun, jàre. Má ṣe bí ẹni wá fọnná lọ́tẹ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Sùlèímánì ju oúnjẹ lọ.

Ní ọjọ́ kejì ló múṣẹ́ ṣe. Gáàsì inú ẹ̀rọ náà ni ẹ̀rù wà lára rẹ̀. Ó ń gbaná bíi bẹntiróòlù, òórùn rẹ̀ sì dùn fẹ́ẹ́rẹ́. Olówòkéré, ọ̀gá Sùlèímánì l'Ékòó, tí gáàsì náà ti jó lápá kan, kò yéé sọ pé: "Gáàsì yìí kì í fò, wíwọ́ ló ń wọ́ bí ejò. Ilẹ̀ ni kó o ti máa wá a." Òfin rẹ̀ ni pé kí iná kankan má sí nítòsí, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ṣí sílẹ̀, kó sì jẹ́ ìfófó ọṣẹ ni wọn á fi wá ibi tó ń jò.

Sùlèímánì bá rán Kọ́lájọ, akéde ìlú, kó wakọ̀ káàkiri: "Ẹ pa gbogbo iná ilé, títí oòrùn á fi kanrí!"

Obìnrin tó ń yan ẹja, ẹ ní kó paná! Ariwo sọ. Wọ́n bú Sùlèímánì, wọ́n sì bú Èkó tó kọ́ ọ níṣẹ́. Láídì ló pẹ̀tù sí wọn nínú. "Ẹ pa á," ló ní. "Iná Bàdírátù ṣì wà lójú omi. Lọ́tunla tẹ́gbọ́n mi bá dé, a ó fọn òmíràn." Wọ́n dami sí ààrò lọ́kọ̀ọ̀kan, Ugbónla sì wà láìsí èéfín.

Sùlèímánì fi ìfófó pa ojú ọ̀pá, ó rí ibi tó ń jò. Ó tú u, gáàsì tó kù sì rọra ń jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn ilẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ń yin ara rẹ̀ nígbà tó rò ó pé: níbo wá ni gáàsì náà lọ? L'Ékòó, sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀. Níbí, pákó ni, ìka èèyàn sì lè gba àárín wọn kọjá. Ó dojúbolẹ̀, ó kimú bọ àlàfo. Òórùn dídùn yẹn kún abẹ́ ilé, afẹ́fẹ́ òkun kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Ó sáré bọ́ síta. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ tààrà sábẹ́ ilé náà, níbi táwọn apẹja ti máa ń so ọkọ̀ mọ́ òpó. Bàbá rẹ̀ ni, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun dé, ó fi àwọ̀n sílẹ̀, ó ń bọ̀ wálé. Èéfín tín-ín-rín ń jáde látinú ìkòkò tó wà níwájú rẹ̀.

Sùlèímánì mọ iná tó wà nínú ìkòkò yẹn, ó sì mọ̀ pé òun fúnra òun ti pa gbogbo ọmọ rẹ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n ìṣàn omi ń gbé ọkọ̀ náà bọ̀, kò sí àjẹ̀ tó lè dá a padà lásìkò.

"Bàbá! Ẹ da iná yẹn sómi! Ẹ dà á nù!"

Àbùbákàr wo ìkòkò, ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò gbígbóná náà, ó sì rì í sómi. Ó dún ṣììì, ó parí.

"Mo pàdé Kọ́lájọ lójú omi," ló sọ nígbà tó gòkè, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. "Ó ní o ní ká pa iná ilé. Tèmi kì í ṣe iná ilé, iná ọkọ̀ ni."

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ Ìlàjẹ wo ni kò mọ̀ pé iná ilé yàtọ̀ sí tọkọ̀? Ọdún mẹ́sàn-án l'Ékòó ló mú kí Sùlèímánì gbàgbé.

Afẹ́fẹ́ òkun dé, ó gbá abẹ́ ilé mọ́. Sùlèímánì parí iṣẹ́, nígbà tó sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ kan yìnyín tuntun, wọ́n ń pariwo ayọ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ jókòó síwájú ààrò.

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mo wá fọnná, mo pa á."

"Iná kú, ó feérú bojú," ni Àbùbákàr sọ. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò." Ó fa páálí ìṣáná kan yọ lábẹ́ òrùlé, ó nà án sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìṣáná kú mọ́ Sùlèímánì lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta gbà, ó kì í bọ abẹ́ igi, ó tẹrí ba, ó ń fẹ́ ẹ.

"Jí o, ọ̀lẹ," ló ń sọ, omijé ń bọ́, kò sì sí èéfín kankan tó lè dá lẹ́bi. "Jí o."

Láídì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin etí omi tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó na àpáàdì rẹ̀ síwájú.

"Bù fún mi," ló ní, "nínú iná Bàdírátù."