Iṣan Méjì Lára Ẹ̀dọ̀ Dáre

Láti ìgbà tí wọ́n ti gé lára ẹ̀dọ̀ Olúwadáre fún Folúkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Dáre kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, níbi tó ti ń tún fíríìjì ṣe, láìkọ́kọ́ pè é lórí fóònù.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ jí dáadáa?"

"Mo jí, àbúrò mi. Ẹ̀dọ̀ ẹ náà jí."

Àmọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ohùn Folúkẹ́ rẹlẹ̀. "Dáre, ara mi ń gbóná. Mo wo dígí, ojú mi ti pọ́n bí ìyeyè."

Dáre ti kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà bọ àpò. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, dókítà ti ṣàlàyé fún un pé nínú ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣan kan ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn wá sí apá ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fẹ́ gé. Ti Dáre jẹ́ méjì, méjèèjì sì tín-ín-rín. Wọ́n rán wọn mọ́ ti Folúkẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tètè máa ń dì nínú iṣan tó bá tín-ín-rín báyẹn, bó bá sì dí, ọ̀nà tí òróòro ń gbà nínú ẹ̀dọ̀ lè bà jẹ́, kí ẹ̀dọ̀ náà má ṣiṣẹ́ mọ́. Àfi kí wọ́n máa ṣọ́ ọ.

Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ Dáre lọ́kàn tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n fún Àǹtí ńkọ́?

Ó sáré gba Bódìjà lọ gbé e. Dókítà tó ń tọ́jú Folúkẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì ní kí wọ́n yára lọ ṣe síkáànù ní Ring Road. Níbẹ̀ ni Dókítà Lateefat ti da jẹ́lì tútù sí ikùn Folúkẹ́, tó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Ó tì í síwájú, ó fà á sẹ́yìn.

Lójijì, ẹ̀rọ náà dún: fùú, fùú, fùú.

"Èkíní rèé," ni dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ ń lọ geere nínú ẹ̀."

"Èkejì ńkọ́, mà?"

"Ẹ ní sùúrù, sà. Àǹtí, ẹ fa èémí sínú, ẹ dì í mú."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìró mìíràn tó jáde. Kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ kò já rárá.

"Òun náà rèé. Kò sí èyí tó dí. Ọ̀nà òróòro náà mọ́."

Dáre jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ dìde, sà. Àga wà."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí dókítà Folúkẹ́ fi pè. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti jáde: ibà tí ẹ̀fọn ń fà ló ń ṣe é, òun ló sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n bẹ́ẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà, èyí tí kò ní bá àwọn tó ń lò fún ẹ̀dọ̀ jà.

Dáre fi apá aṣọ nu ojú. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ti ń bà mí tipẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tí mo fún yín ò dáa."

Folúkẹ́ yíjú sí i. "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n dá a padà fún ẹ?"

Dókítà Lateefat rẹ́rìn-ín. "Àwọn tí iṣan tiwọn jẹ́ méjì pọ̀ láàárín wa, sà. Bí Ọlọ́run ṣe dá yín ni, kì í ṣe àìsàn. Àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ ti rí i nínú àwòrán kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Ó kàn fi kún iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì ṣe é dáadáa."

Nínú takisí Máíkírà tó ń gbé wọn padà sí Bódìjà, Folúkẹ́ gbé orí lé èjìká àbúrò rẹ̀, ó sùn lọ. Fóònù Dáre dún. Oníbàárà kan ń béèrè fíríìjì rẹ̀.

"Ó di ọ̀la," ni Dáre rọra dá a lóhùn. "Àǹtí mi ń sùn."