Wáyà Tí Bàbá Fi So Nọ́ọ̀tì

Píkáàpù dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí Bàbá ń wà ló ń bọ́ ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò lágbára mọ́. Nígbà tí Bàbá ò sí nílé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ló bá rí wáyà tí Bàbá fi so nọ́ọ̀tì tó ń díwọ̀n epo.

"Ṣé agbára ni Bàbá so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ yìí?" ló ń dá sọ.

Ó gé wáyà, ó yí nọ́ọ̀tì kí epo lè máa wọlé sí i. Ọkọ̀ ru sìmẹ́ńtì, ó ń gun òkè bí ẹni gbé ìyẹ́ ẹyẹ. Kó tó dókè, ẹ́ńjìnnì là.

Bàbá dé, ó na ìka sí ojú ibi tó là. "Ó ti là rí, wọ́n fi iná jó o pọ̀ ni. Ìdí tí mo fi so nọ́ọ̀tì nìyẹn, kí agbára má bàa pọ̀ jù fún un. Kí ló dé tó ò bi mí?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Bàbá?"

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ebi tó wọlé kò sì bèèrè ẹni tó jẹ̀bi.