Aṣọ Funfun àti Ojú Ìyá Wa

Ìyá wa dúdú bíi kóró iṣin, aṣọ funfun ló sì fẹ́ràn jù láyé. Nọ́ọ̀sì ni. Kódà lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, bí wọ́n bá ní kó wá ya fọ́tò, aṣọ iṣẹ́ yẹn náà ni yóò lọ wọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní fọ́tò gidi kan. Bí aṣọ rẹ̀ bá yọ dáadáa, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn birimù. Bí ojú bá yọ, aṣọ á funfun gbòò, kò ní sí bọ́tìnnì, kò ní sí àpò. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Eyín mi nìkan ni wọ́n máa ń yà."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ya fọ́tò jẹun, búra pé òun ló máa yà á bó ṣe yẹ, lórí fíìmù dúdú àti funfun. Ókùdíẹ̀ là ń pè é nílé, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ti jáde nínú ilé ìwẹ̀ tó sọ di yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù, tí fíìmù tútù ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Á kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà: "Ṣé o ti ṣe tán, àbí kí n lọ wẹ̀ ní títì?"

Ohun tó ń wá kò ṣòro láti sọ. Kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ wọ inú kámẹ́rà nígbà tó bá ń ya fọ́tò, kí ojú dúdú lè hàn. Kó sì tètè yọ fíìmù kúrò nínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí funfun má baà bo gbogbo rẹ̀. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ náà ṣe máa pọ̀ tó? Báwo ló ṣe máa tètè tó? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó tẹ́ aṣọ Ìyá sórí àga, ó gbé ìkòkò dúdú síbi tí orí yẹ kó wà, ó sì ń ya ìkòkò lójoojúmọ́. Bí mo bá kùn, á ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lọ́sàn-án, á ní kí Ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Á gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á wo inú kámẹ́rà, á sì tẹ̀ ẹ́ kó dún, kí ara Ìyá lè balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dúró lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Màámi, ìkòkò yẹn mọ̀ ọ́n jókòó jù yín lọ o." Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó gbé orí sẹ́yìn, ó fọwọ́ di àyà mú. Kámẹ́rà dún. Inú mi dùn.

Kò pẹ́ tí àìsàn fi dá Ìyá dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé kámẹ́rà wá sí ọsibítù, ṣùgbọ́n Ìyá mirí.

"Má yà mí nínú aṣọ aláìsàn. Ṣebí o ti yà mí tó? Èyí tí mo ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, òun ni kó o gbé kọ́ ògiri."

"Ẹ ṣeun, Màámi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì jáde. Mo tẹ̀ lé e.

"Kò sí fíìmù níbẹ̀," ló sọ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Níbo?"

"Nínú kámẹ́rà. Kò síbẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ fi ojú Màámi dánra wò. Mo ní kó kọ́kọ́ pé ná."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ la kámẹ́rà náà mọ́lẹ̀. "Ìkòkò lẹ rí fíìmù fún, ẹ̀gbọ́n! Ìkòkò!"

"Ohun a fẹ̀sọ̀ mú..."

Mo ní kó má parí ẹ̀. A ò sọ fún Ìyá. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé fọ́tò òun ti wà nílẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ikú náà lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi fọ fíìmù ìkòkò tó kù. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, kò sọ pé ó kù díẹ̀. Ó ti pé: bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, etí àpò, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé ìkòkò dúdú bí ẹni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ìyá wa sunwọ̀n láàyè. Ère ni kò rí dà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la rí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí bó ṣe rí. Mo máa ń gbé orí sẹ́yìn, mo máa ń fọwọ́ di àyà mú, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ó máa ń kù díẹ̀.