Nọ́ńbà Tí Denzil Há Sórí

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, ọdún 2014, Lorna Stidham fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n pa nọ́ńbà fóònù òun rẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ fóònù kan ní ìlú Hazard, ní Kentucky.

Kì í ṣe ohun tó torí rẹ̀ jáde nílé nìyẹn. Bàtà tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, kó lè jọ ẹni tó ń san gbèsè rẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti pa Virgil ọkọ rẹ̀ ni owó ilé ìwòsàn ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó ń tajà láwìn. Ilé ti lọ. Inú ilé onítáyà kan, irú èyí tí ọkọ̀ lè fà, lẹ́yìn ilé epo ló ń gbé báyìí. Owó fóònù náà sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n ní àwọn yóò gé fóònù náà lọ́jọ́ yẹn, ló ṣe wá bẹ̀ wọ́n pé kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan ni Denzil, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi lè rí i. Denzil wà níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Dakota, tàbí níbòmíràn. Kò ní àdírẹ́sì, kò ní fóònù. Fóònù ẹni ẹlẹ́ni ló fi ń pè, nígbà tí ọtí bá dá lójú rẹ̀. Láti kékeré ló ti há nọ́ńbà náà sórí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí orin, kí ó má baà sọnù.

Brody, ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà, ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ Lorna rí, nítorí Lorna ló ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ìwé títí di òní. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ó ní rárá."

"Rárá báwo?"

"Àkọsílẹ̀ gbèsè yín ni, mà. Kò jẹ́ kí n pín gbèsè tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí onídùúró, ẹni tórúkọ ẹ̀ dáa, màá gbé nọ́ńbà yín sórí orúkọ tiẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà tuntun ni, èyí tẹ́ ẹ máa ń sanwó sí kẹ́ ẹ tó pè. Ìyẹn ò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà kéré. Verna Combs, tí òun àti Lorna jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló tò sẹ́yìn rẹ̀.

"Sístà Lorna! Kí ni wọ́n ń dá ẹ dúró fún?" Verna rẹ́rìn-ín. "Èmi, ọ̀rọ̀ Harlan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi wá. Àgbà ọkùnrin, onírùngbọ̀n, ó ní kí n wá ṣe onídùúró fóun torí fóònù! Mo ní, Harlan, ṣé kí n kúkú máa pọ̀n ẹ́ ni? Ojú ò tiẹ̀ tì í. Mo ṣáà wá."

Ooru mú Lorna láti etí dé ọrùn. Ì bá dùn mọ́ ọn kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. "Nọ́ńbà ni mo fẹ́ pààrọ̀. Àwọn tó ń polówó ọjà lórí fóònù ò jẹ́ n sinmi."

"O ò rí nǹkan! Ọ̀kan fẹ́ ta òrùlé fún mi láàárọ̀ yìí."

Brody wo ojú Lorna. "Ṣé kí n pa ti àtijọ́ rẹ́, mà? Ó dá yín lójú?"

"Mo ní kó o pa á rẹ́."

Nọ́ńbà tuntun ló gbé lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà lọ bẹ̀bẹ̀ fún ti àtijọ́. Brody ní wọn ò tíì fún ẹlòmíràn, ó ṣì lè gbà á padà kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, bó bá mú onídùúró wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó dúró ti Verna nídìí tábìlì oúnjẹ, àwo ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu.

"Ó jọ pé o fẹ́ sọ nǹkan," ni Verna wí.

"Ẹ̀wà yìí ni. Kí lo fi sí i?"

"Eegun ẹlẹ́dẹ̀ ni. Àbí kí ló ń ṣe ẹ́? Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é!"

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Lorna ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ọjọ́ fi pé.

Denzil kì í pa Ọjọ́ Ìdúpẹ́, tí wọ́n ń fi tolótoló ṣe lópin oṣù kọkànlá, jẹ láìpè. Lọ́dún yẹn, Lorna gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo tolótoló, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò ní dún. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ àtijọ́. Ọmọbìnrin kan ló gbé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ni nọ́ńbà yìí tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹnì kan pè lánàá?"

"Áà, ẹ̀yin ni Mọ́mà? Ọkùnrin kan ń pè mí ní Mọ́mà. Mo ní, bọ̀dá, mi ò tíì bímọ o!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó tún pè. Ó ní ṣé ìyá òun ti kú ni. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n."

"Nọ́ńbà wo ló fi pè?"

"Kò jáde, mà."

Lorna ka nọ́ńbà tuntun fún un, pé kó fún ọkùnrin náà bó bá tún pè. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Denzil kò pè mọ́. Bí Lorna ṣe pàdánù ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn.