Nàìjíríà Lórí Àpáta

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Sodiqat fi ṣe àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà. Kò fọwọ́ kan ọ̀dà rárá. Àpò ìrẹsì, àpò ajílẹ̀ àti àpò sìmẹ́ńtì tí àwọn ará Ṣakí ti lò gbó ló gé, tó sì rán pọ̀ títí ó fi fẹ̀ tó yàrá kan. Lójú tirẹ̀, ohun tí a fi ń kó oúnjẹ wálé ni orílẹ̀-èdè, kì í ṣe àsíá. Ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbi àfihàn n'Íbàdàn ń bọ̀ láago méjìlá ọ̀sán. Bí àwòrán kò bá bá ọkọ̀ yẹn lọ, ó parí nìyẹn, wọn kò ní dúró dè é.

Lánàá ló sá a sórí ọgbà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, tó sì lọ ra òwú n'Ísẹ́yìn, ó sùn síbẹ̀. Nígbà tó dé láago mẹ́wàá àárọ̀, ọgbà ṣófo. Àyà rẹ̀ já. Ó wo inú ilé, ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó tilẹ̀ yọjú wo inú kànga, bí ẹni pé kànga a máa jí nǹkan.

Orí àpáta ẹ̀yìn ilé ló ti rí i. Nàìjíríà tẹ́ rẹrẹ síbẹ̀, gbọ̀dọ̀, iṣu tí wọ́n ń sá gbẹ fún èlùbọ́, bò ó láti Sókótó dé Kàlàbá. Ìyá Ràsáàkì, ìyá àgbà tó múlé tì wọ́n, ló ń yí iṣu náà padà nínú oòrùn. Ta ni yóò rí àpò rírán tó fẹ̀ tó báyẹn ní Ṣakí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò ní sá iṣu sí i?

“Ìyá, iṣẹ́ mi rèé o! Èyí tó ń lọ Ìbàdàn!”

“Súbúhánalláhì! Mo ṣebí ìyá ẹ ló rán an fún iṣu sísá. Sodiqat, jọ̀wọ́, foríjì mí.”

Àwọn méjèèjì kó iṣu kúrò wéréwéré. Sodiqat yẹ iṣẹ́ náà wò láti etí dé etí. Kò ya, kò dọ̀tí, ìyẹ̀fun díẹ̀ ló bà lé e. Ó mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló wá rí i pé Nàìjíríà ti gùn sí i. Níhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tó ti fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnubodè, wọ́n ti rán àpò méjì tí kò mọ̀ rí mọ́ ọn, èdè Faransé ló sì wà lára wọn.

“Kò gba iṣu mi tán ni,” ni Ìyá Ràsáàkì wí. “Àpò táwọn ọmọ àbúrò mi fi kó ẹ̀wà wá láti Kìlíbò ni mo fi kún un. Jẹ́ n mú abẹ wá, màá tú u.”

Kìlíbò! Òdìkejì ẹnubodè nìyẹn, ní ilẹ̀ Kútọnu, níbi tí wọ́n ti bí ìyá Sodiqat gan-an. Láti ọjọ́ tó ti gé etí àwòrán yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti lélẹ̀, àfi bí ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀ síta. Ara rẹ̀ wá fúyẹ́ pátápátá. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú.

“Ẹ má tú u, ìyá.”

“Àwọn ará Ìbàdàn ò ní bá ẹ wí?”

“Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.”

Fèrè ọkọ̀ dún lójú títì, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù. Rírán ìyá àgbà náà kò le, kò lè dé Ìbàdàn láìtú. Sodiqat ké sí awakọ̀ pé kó fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jókòó lórí àpáta, ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó sì rán Kìlíbò mọ́ Ṣakí lẹ́ẹ̀mejì.