Ohun Tó Wọnú Kànga Díákónì

Ọjọ́ Ajé ni gíláàsì kọ́kọ́ dójú ti Rebecca. Ilé alájà mẹ́rin kan ní Onípanu ló fọ fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀, ó sì ti ká rọ́bà omi sínú bọ́ọ̀sì tán kó tó gbójú sókè. Gbogbo fèrèsé ti gbẹ, àmọ́ wọ́n gbẹ pẹ̀lú àmì funfun tóótòòtó, àfi bíi pé èèyàn fi ẹfun wọ́n wọn.

Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Rebecca kì í lo ọṣẹ, kì í sì í fi aṣọ nu gíláàsì. Omi tí kò ní ohunkóhun nínú ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló to nǹkan rẹ̀ sí: tánkì ńlá tí wọ́n fi irin dè mọ́lẹ̀, asẹ́ mẹ́ta tí omi ń gbà kọjá, àti àgbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kún fún hóró wẹ́wẹ́, tó ń gba ìyókù ohun tó bá yòrò sínú omi. Pọ́ǹpù á wá ti omi náà gba inú ọ̀pá gígùn kan lọ sí búrọ́ṣì tó wà lókè. Omi bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ láìfi àpá sílẹ̀. Mítà kékeré kan tí kò tóbi ju bírò lọ ló fi ń wọn ohun tó yòrò sínú rẹ̀. Tí omi bá ti kúrò nínú àgbá, òdo ni mítà gbọ́dọ̀ kà. Lọ́jọ́ yẹn, ogójì ló kà.

Hóró inú àgbá ti kú nìyẹn. Kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù méjì ló máa ń lò.

Ó bẹ oníbàárà, ó ní òun á padà wá tún un fọ̀. Nígbà tó dé ilé ní Bajúláyé, ó ti mítà bọ omi kànga ẹ̀rọ tó wà lágbàlá, ìyẹn omi tí asẹ́ kò tíì kàn rárá. Láti ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé ibẹ̀, kànga yẹn kì í ka ju àádọ́jọ lọ. Ó ti di irinwó.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni iyọ̀ ọ̀sà. Ọmọ Ìlàjẹ ni, apẹja ni bàbá rẹ̀, kò sì sí omi iyọ̀ tí ahọ́n rẹ̀ kò lè dá mọ̀. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Kò níyọ̀. Ó kan, ó sì ń fún ahọ́n pọ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ahọ́n lá orí bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ó tu ú dànù.

Níní, tó ń gbé yàrá kejì, tí oyún inú rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, dúró tì í pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́.

"Àǹtí Rebecca, kí lẹ ń tọ́ wò?"

"Omi yìí. Ṣé ìwọ náà ti rí i pé ó yàtọ̀?"

"Ó kan díẹ̀, àmọ́ ó bá mi lẹ́nu mu. Oyún yìí ń fẹ́ nǹkan kíkan. Inú ló kàn ń run mí lẹ́yìn rẹ̀."

Rebecca gba kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Má mu ún mọ́. Omi inú ọ̀rá ni kó o máa rà títí n ó fi mọ ohun tó ṣe é."

Ó lọ bá Díákónì Bámilóyè, láńlọ́ọ̀dù wọn, àgbàlagbà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó jókòó síwájú ilé.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ti wọnú omi wa."

Ó na mítà sí i, Díákónì kò gbà á. "Omi tó mọ́ gaara yìí? Ohun tí o fi ń tọ́jú gíláàsì lo fẹ́ fi wo omi tí èèyàn ń mu."

"Ta ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn báyìí, sà? Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀."

Díákónì gbójú kúrò lára rẹ̀. "Adébọ̀dé ni. Bátìrì àlòkù ló ń rà. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀, èmi ni mo fi ibẹ̀ háyà fún un."

"Ásíìdì inú wọn ńkọ́? Ibo ló ń dà á sí?"

"N kò bi í. Ìwọ náà má bi í."

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, mítà ti ń ka ẹgbẹ̀ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Rebecca tẹ bọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ́ ògiri, ó gun orí rẹ̀, ó yọjú sí òdì kejì. Bátìrì ọkọ̀ wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Wọ́n ti fi àáké la òmíràn, wọ́n sì sá òjé inú wọn sóòrùn. Igi ìbẹ́pẹ kan tó wà níbẹ̀ ti wọ́ ewé tán. Níbi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ sí ògiri, ihò kan wà, ọkùnrin kan tó fi ọ̀rá wé ọwọ́ méjèèjì sì ń da bátìrì dorí kodò sínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ọkùnrin náà gbórí sókè, ó rí i. Kò pariwo, kò bi í pé kí ló ń wá. Ó kàn na ọwọ́ mú bátìrì mìíràn, ó ń dà á, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Rebecca títí ó fi sọ̀kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rebecca bu omi kànga náà sínú ìgò, ó gbé e lọ sí Akọ́kà, sọ́dọ̀ Delight, ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni Delight pè é.

"Àǹtí, ṣé èèyàn ń mu omi yìí?"

"Ilé wa ni."

Delight ka èsì náà fún un. "Òjé ló wà nínú ẹ̀. Ó pọ̀ gan-an. Kí wọ́n má fi dáná o, bẹ́ẹ̀ ni síse kò lè mú un kúrò."

Díákónì ka ìwé àyẹ̀wò tí Rebecca gbà wá láti Akọ́kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, òun àti Rebecca sì jọ rìn yí ògiri ká. Géètì ṣí sílẹ̀. Bátìrì kò sí, òjé kò sí. Sìmẹ́ǹtì ti bo ojú ihò náà, kò tíì gbẹ.

"Ìyàwó mi ò lè dìde dáadáa láti oṣù tó kọjá," ni Díákónì wí. "Mo sọ fún un pé ogbó ni."

Ó padà sílé, ó fi àgádágodo ti ẹ̀rọ kànga, ó ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ó ní kí Rebecca bá òun wá ọsibítù fún gbogbo ilé.

Níní ni Rebecca kọ́kọ́ gbé lọ. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ní òjé ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kọ oògùn fún un. Níní bi í nípa ọmọ. Dókítà ní àwọn á máa ṣọ́ ọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí wọn ó fi bí i.

Bàrígà ni wọ́n gbà darí sílé. Níní jókòó síwájú bọ́ọ̀sì, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Bí wọ́n ṣe yà sí àdúgbò kan nítòsí ọ̀sà, Rebecca rí àgọ́ páànù tuntun kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bátìrì ni wọ́n ń já sílẹ̀ níbẹ̀. Adébọ̀dé, ọkùnrin tó ń da bátìrì sínú ihò lọ́jọ́sí, dúró láàárín wọn, ó ń wé ọ̀rá mọ́ ọwọ́. Kò tó ilé méjì sí i, àwọn obìnrin tò sí ẹnu ẹ̀rọ omi kan pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.

Adébọ̀dé ti rí bọ́ọ̀sì náà. Ó dúró, ó ń wò wọ́n.

Rebecca pa ọkọ̀. Ó ní kí Níní ti ilẹ̀kùn látinú, ó sì mú mítà rẹ̀ dání, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn obìnrin náà.